Ìsinmi Elvira Nínú Ilé Tí Wọ́n Bí I Sí

Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má rèlé. Ẹni tó pa òwe yẹn kò gbé Fẹ́nísì, ìlú orí omi ní Ítálì, rí. Níbí tiwa, onílé ló ń ti ibòmíràn wá ṣe àlejò nínú ilé ara rẹ̀, tí yóò fa àpótí onítáyà tuurutu lẹ́yìn, tí ọmọ kékeré kan yóò sì máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣí fèrèsé. Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Ó ṣẹlẹ̀ sí Elvira Busetto, ojú mi ló sì ṣe.

Nives lorúkọ mi. Àdúgbò Castello ni mo ń gbé, òdìkejì odò sí ilé àwọn Elvira. Odò náà tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé bí Elvira bá ń din àlùbọ́sà, ojú tèmi ló máa ń ta. Ó jù mí lọ dáadáa, kò kàn tíì tó ẹni tó lè bí mi, nítorí náà Ìyá Marilena ni mo ń pè é, orúkọ àkọ́bí rẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn ilé yẹn ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ a máa fi ọ̀dà dí ojú ihò ara ọkọ̀ ojú omi. Ìyá rẹ̀ a máa fọṣọ fún àwọn ọlọ́lá. Inú ilé náà ló ti gbé ọkọ wọlé, ibẹ̀ ló bí ọmọ méjì sí, ibẹ̀ ló ti sin bàbá, tó sì sin ìyá. Ó ta búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn afárá títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì rẹ́rìn-ín sí oníbàárà kan rí. Wọ́n ń lọ bẹ́ẹ̀ náà ni o, nítorí búrẹ́dì dùn, kì í sì í ṣe òun ló ń ṣe é. Oúnjẹ tí òun fúnra rẹ̀ bá sè, ológbò àdúgbò wa a kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, a ronú sí i, a sì kọjá lọ.

Ohun tí a mọ̀ ọ́n sí jù ni ẹnu. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ojoojúmọ́ ni àwọn àlejò ń gba odò wa kọjá nínú ọkọ̀ dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, tí ẹnì kan dúró lẹ́yìn tó ń fi igi wà á. Bí wọ́n bá ti rí aṣọ tí ènìyàn sá sórí okùn láàrin ilé méjì, wọn a gbé kámẹ́rà sókè bí ẹni tó rí áńgẹ́lì. Elvira a yọrí lójú fèrèsé.

"Ṣé ìyá tiyín kì í sá aṣọ ni? Ṣé ìhòhò lẹ̀ ń rìn nílùú yín? Pátá ọkọ mi nìyẹn, ẹ yà á dáadáa, ẹ lọ fi há ògiri pálọ̀!"

Wọn kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Wọn a juwọ́ sí i, wọn a ya òun náà. Àlejò ní ojú, kò fi ríran. Àfi kámẹ́rà ló ń bá a ríran.

Ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Gastone. Èèyàn jẹ́jẹ́. Ó wa ọkọ̀ èrò ojú omi ní ọ̀nà kan náà láti ìgbà tó ti jẹ́ ọ̀dọ́ títí orí fi pá. Kò sí ẹni tó gba iwájú àwọn ààfin òkúta wọ̀nyẹn kọjá tó o, kò sì sí ẹni tó wò wọ́n kéré tó o. Ibi tí yóò so ọkọ̀ mọ́ nìkan ló ń wò. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ ra kámẹ́rà ńlá kan fún un. Ó gbé e kọ́ ọrùn, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Ó ń ya ìkòkò. Ó ń ya ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Nígbà tó yá, lánlọ́ọ̀dù kú, ilé bọ́ sọ́wọ́ àwọn ajogún tó ń gbé Milan, tí wọn kò sun ibẹ̀ rí lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tún ilé ṣe. Wọ́n sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́. Wọ́n ní kí àwọn ayálégbé kúrò fúngbà díẹ̀ kí eruku má baà ṣe wọ́n ní jàǹbá. Wọ́n tún ilé ṣe lóòótọ́, wọ́n sì ń ṣọ́ Elvira kúrò níbi eruku náà títí dòní.

Ìgbà náà ni wọ́n kó lọ sí Mestre, orí ilẹ̀ gbígbẹ lọ́hùn-ún, níbi tí mọ́tò wà, tí lífítì ń gbéni ròkè, tí gbogbo ẹni tí Fẹ́nísì bá pọ̀ sílẹ̀ ń bọ́ sí. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló gbé ọ dé ọ̀dọ̀ wa. Elvira kò wọ̀ ọ́. Mo pè é títí lórí fóònù.

"Ìyá Marilena, ẹ yọjú sí wa ná. Kọfí lásán ni."

"Nives, bí ọkọ rẹ bá kọ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún ọmọge, ṣé wàá máa lọ sí àríyá wọn lọ mu kọfí?"

Bẹ́ẹ̀ ló wà títí ìgbéyàwó wọn fi pé àádọ́ta ọdún. Marilena, tó ń gbé Turin, ní àwọn ọmọ yóò ṣe nǹkan ìwúrí. Ọmọ dáadáa ni Marilena. Ọmọ dáadáa ló máa ń fa irú nǹkan báyìí. Ọmọ burúkú kì í tiẹ̀ rántí ọjọ́ náà. Ó ronú pé àárò ilé ń sọ àwọn òbí òun, ojú ń ti wọn láti sọ ọ́. Ó bá wọ inú kọ̀ǹpútà, ó wá ilé ìsinmi kan fún wọn ní Fẹ́nísì: "Ilé gidi ti ará Fẹ́nísì, ojú odò. Ẹ wá gbé bí onílé." Ó wo fọ́tò rẹ̀, ó rẹwà. Ògiri funfun, igi àjà tí wọ́n ti bó, àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé rí. Ó san owó. Ẹni tó ya fọ́tò náà mọṣẹ́ débi pé ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ilé kò dá ilé mọ̀.

Ẹ̀yìn ìgbà tó sanwó tán ni wọ́n tó fi àdírẹ́sì ránṣẹ́, òun náà kò sì kà á, ó kàn taari rẹ̀ sórí fóònù bàbá rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹrin ni. Mo ń yọ egungun ẹja lórí tábìlì nígbà tí mo gbọ́ táyà àpótí lórí afárá wa: gbàgà, gbàgà, gbàgà, lórí àkàsọ̀ òkúta. A ti gbọ́ ariwo yẹn débi pé n kì í wo ìta mọ́, ẹnu mi ló máa ń dá ṣiṣẹ́.

"Ẹ gbé àpótí yẹn lọ́wọ́, ẹ̀yin àlejò! Èèyàn ń sùn níbí!"

"Ta ló ń sùn lọ́sàn-án gangan? Ìwọ Nives? Ọ̀lẹ ni ẹ́ látijọ́!"

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo yọrí. Elvira ló dúró lórí afárá, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi awò dúdú bo ojú nítorí oòrùn, ó ń wo ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ tí wọ́n ti kùn ní àwọ̀ ewé. Gastone wà lẹ́yìn rẹ̀, kámẹ́rà lọ́rùn, àpótí lọ́wọ́, ojú rẹ̀ dà bíi ti ajá tó jẹ ẹran ọdún.

"Bàbá Marilena," obìnrin náà sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ìyẹn sì burú ju igbe lọ, "níbo lo mú mi wá?"

"Ibi tí ọmọ ẹ sanwó sí ni."

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀ látinú bọ́ọ̀sì."

"O sì dákẹ́."

"Ṣé kí n sọ fún ẹ nígbà tí bọ́ọ̀sì wà lórí afárá ńlá yẹn, kí o ní kí wọ́n dúró kí o sọ̀?"

Elvira ti ń la ẹnu nígbà tí ọmọkùnrin kan sáré jáde látinú ilé. Lapo lorúkọ rẹ̀. Òun ni àwọn ajogún fi ṣe alábòójútó ilé. Irùngbọ̀n rẹ̀ gún régé, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní ìbọ̀sẹ̀. Ọmọ Milan ni, ó ti gbé ọ̀dọ̀ wa fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, nítorí náà ó ti di ará Fẹ́nísì pátápátá.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá! Ẹ káàbọ̀, Bàbá! Ibo lẹ ti wá?"

Elvira wo òkè, ó wo ojú fèrèsé mi, ó fi ìka kan ètè. Mo mọ ojú yẹn. Mo nu ọwọ́ mi, mo sọ̀ kalẹ̀ kíákíá, kí irú nǹkan báyìí má baà ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mi.

"Mestre la ti wá," Elvira ní.

"Háà, ẹ ò jìnnà rárá! Ṣé ẹ ti dé Fẹ́nísì rí?"

"A máa ń gbọ́ nípa rẹ̀."

Mo ní mo mọ̀ wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gba àpótí lọ́wọ́ Gastone, mo bá wọn wọlé. Lapo kò fẹ́ràn mi, aláriwo àdúgbò ló ń pè mí, àmọ́ kò lè lé mi níwájú oníbàárà.

Ṣé kí n sọ bí inú ilé ṣe rí? Ògiri tó wà láàrin ilé ìdáná àti pálọ̀ ti lọ. Wọ́n gbé okùn aṣọ sí ojú fèrèsé, wọ́n sì sá aṣọ ìbùsùn funfun méjì àti aṣọ ọmọdé kan sórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ọmọdé nínú ilé, aṣọ náà kò sì mọ ara ènìyàn rí. "Fún fọ́tò ni," Lapo ṣàlàyé. "Àwọn àlejò fẹ́ràn rẹ̀." Lẹ́yìn náà ló fi ìka kan ṣoṣo ti fèrèsé, fèrèsé sì ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Elvira yí ojú sí ọkọ rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé wọn nínú ilé yẹn, fèrèsé náà kì í ṣí àfi tí a bá fi èjìká gbá a. Gbogbo ọjọ́ ayé wọn náà ni Gastone ń sọ pé òun yóò tún un ṣe lọ́jọ́ Sunday.

"Wọ́n lówó lọ́wọ́ ni," Gastone sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Epo ni, Gastone. Epo díẹ̀ báyìí ni."

Lapo kò gbọ́. Ó ti gbé ọwọ́ lé ògiri bí ẹni ń fọwọ́ ra màlúù lẹ́yìn.

"Ìtàn wà nínú ilé yìí, Màmá. Ìyá àgbà kan ló gbé ibí. Ìyá Àgbà Pina la máa ń pè é. Apẹja lọkọ rẹ̀." Ó nawọ́ sí fọ́tò arúgbó obìnrin kan nínú férémù, tí wọ́n gbé kọ́ sókè ààrò. Mi ò rí obìnrin náà rí láyé mi. Ojú rẹ̀ dà bíi ti aṣọ́bodè. "Gbogbo àdúgbò ló máa ń se oúnjẹ fún."

Gastone bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

"Ó mọ oúnjẹ sè?" Elvira bi í.

"Háà! Òórùn ọbẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lára ògiri títí di òní."

"Ìyẹn lè jẹ́ òótọ́," ni mo wí.

"Ó sì fẹ́ràn àlejò púpọ̀. Yóò jókòó lójú fèrèsé yìí, yóò máa rẹ́rìn-ín sí wọn, yóò máa juwọ́."

"Èèyàn dáadáa. Kí ló wá ṣe é?"

Lapo rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó sùn lọ, Màmá. Wọ́ọ́rọ́ báyìí. Nínú yàrá ẹ̀yìn níbẹ̀ yẹn."

"Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún un," Elvira wí, ó sì fọwọ́ ṣàmì àgbélébùú. "Ṣé èrò pọ̀ níbi ìsìnkú?"

"Gbogbo àdúgbò."

"Nives, ṣé o lọ?"

"Mo lọ," ni mo wí. "Òjò pa wá."

Nígbà tí Lapo fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ tó sì lọ tán, a fi ẹ̀yìn ti ògiri, a rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa. Gastone jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Elvira ló kọ́kọ́ nu ojú. Ó dìde, ó lọ wo yàrá ẹ̀yìn. Mo tẹ̀lé e. Ibi tí ibùsùn ìyá rẹ̀ wà, ọpọ́n ìwẹ̀ funfun gbàgìdì kan ló wà níbẹ̀, láàrin ilẹ̀, kò fara ti ògiri kankan, àbẹ́là òórùn dídùn yí i ká. Ó fọwọ́ kan etí ọpọ́n náà.

"Ìyá mi," ló wí, "tó jẹ́ pé ilẹ̀kùn ilé ìdáná ló ń tì, tó ń dúró sínú garawa wẹ̀."

Ojú rẹ̀ pọ́n. Gastone wá fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Elvira ní kí ó lọ ya fọ́tò, ṣebí ìsinmi ni àwọn wá ṣe.

Wọ́n ṣe ìsinmi náà o. Ní ọjọ́ kejì, Gastone ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun kò gun ilé agogo ojúde ńlá rí, òun kò mọ ohun tó wà lókè. Elvira ní kí ló fẹ́ wà lókè ju agogo lọ. Mo bá wọn lọ. Bí a ti tò sórí ìlà, Elvira ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Àlejò ti pọ̀ jù nílùú yìí! Kí ni gbogbo wọn ń wá?"

"Ẹ bá mi rí i," obìnrin Bologna kan níwájú wa dáhùn. "Mo ti wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ojoojúmọ́ ló ń burú sí i. Kí wọ́n jókòó sílé wọn!"

Ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ bí ẹ̀wà àti epo. Elvira sọ fún un pé òun wá láti Mestre, pé ibẹ̀ tura ju ibí lọ, pé igi wà níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ tó yin Mestre.

Tọkọtìyàwó ọ̀dọ́ kan na fóònù sí i, wọ́n fi ọwọ́ bẹ̀ ẹ́ kí ó ya àwọn. Ó gbà á, ó fojú wọn wọ́n, ó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n dúpẹ́ títí. Nígbà tí wọ́n yí ẹ̀yìn padà ló sọ fún mi pé òun ti gé orí àwọn méjèèjì dànù. "Bàtà wọn dára jù," ó ní.

A dókè. Gbogbo orí ilé pupa tẹ́ lọ rẹrẹ bí ẹ̀yìn ẹja, àwọn ilé ṣọ́ọ̀ṣì yọrí láàrin wọn, òkun yí gbogbo rẹ̀ ká. Ohun kan ṣoṣo ni kò sí níbẹ̀.

"Níbo lodò wà?" Elvira bi wá.

Àwọn ilé ti bo odò mọ́lẹ̀. Láti òkè yẹn o, ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé ìlú lásán ni. Ó gbá irin mú, ó ń wá òrùlé wọn lápá Castello, ojú rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀. Gbogbo wọn jọra. Kò rí i. Gastone ti gbé kámẹ́rà dojú kọ apá kejì, níbi tí èéfín àti irin ìgbẹ́rù ti hàn gbangba lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

"Wá wò ó! Mestre! Ilé wa rèé, mo rí i kedere!"

Elvira fi báàgì gbá a lẹ́yìn, fọ́tò náà sì jáde ní dídàrú. Nínú gbogbo fọ́tò tó yà lọ́jọ́ náà, orí ìyàwó rẹ̀ wà nínú púpọ̀, ìdajì orí ni, ní ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó ń kọjá lọ ra iyọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n padà ni ọ̀ràn náà dé. Elvira ti jí, ó ti fọ aṣọ tí wọ́n wọ̀, nítorí kì í gbé aṣọ ìdọ̀tí wọ bọ́ọ̀sì. Ó wo okùn, ó rí aṣọ fọ́tò Lapo. Ó ká a kúrò, ó jù ú sórí àga, ó sì sá pátá Gastone, ìbọ̀sẹ̀ Gastone, síńgílẹ́ẹ̀tì Gastone tó ti lu, àti kọ́sẹ́ẹ̀tì tara rẹ̀, tó tóbi bí ìgbòkun. Mo wà lójú fèrèsé tèmi, kọfí lọ́wọ́.

Ọkọ̀ àwọn àlejò yọ lábẹ́ afárá. Kámẹ́rà gòkè, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mi ò mọ ohun tó gbé e. Bóyá ọpọ́n ìwẹ̀ yẹn ni. Ó yọ gbogbo àyà jáde lójú fèrèsé, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí baba wọn.

"Ẹ̀yin aláìníṣẹ́! Ẹ̀yin olójú kòkòrò! Ẹ kú orí ire, ẹ rí pátá arúgbó! Ṣé ẹ fẹ́ kí n bọ́ tara mi kún un? Kí omi gbé kámẹ́rà yín lọ, kí alákàn fi ya ìyàwó rẹ̀!"

Ọkọ̀ náà dúró. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan dìde, ó tẹrí ba, díẹ̀ ló kù kó ṣubú sómi. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ mọ̀ ọ́n láti kékeré, ó yí ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Lapo wà lórí afárá, ó wá gba kọ́kọ́rọ́. Mo rí i bó ṣe ń wo ọkọ̀, tó ń wo fèrèsé, tó tún ń wo ọkọ̀. Ó sáré wọlé. Mo ní ó parí, yóò lé wọn jáde lẹ́ẹ̀kejì. Àṣé ọ̀tọ̀ lohun tó ń bọ̀.

"Màmá! Níbo lẹ ti kọ́ ọ? Gidi ni! Ó dà bí ti ará Fẹ́nísì gan-an!"

"Mo máa ń gbọ́ nínú rédíò," Elvira ní.

"Ẹ gbọ́, Màmá, ẹ má bínú. Ṣé ẹ lè máa bá wa wá lópin ọ̀sẹ̀? Ẹ kàn máa yọrí, kí ẹ máa ṣe bí ẹ ti ṣe yẹn. A ó sọ fún àwọn àlejò pé àbúrò Ìyá Àgbà Pina ni yín."

"Àbúrò òkú."

"Bẹ́ẹ̀ ni. A ó fún yín ní nǹkan."

Gastone tó ń pa ìdérí kámẹ́rà dé jẹ́ kí ó bọ́ sódò. Mo ń dúró de ìró ìgbájú. Elvira wo ilé ìdáná yíká, ó wo fèrèsé tó ń ṣí wọ́ọ́rọ́.

"Ó dáa," ló wí.

Mo bínú sí i. Mo lọ bá a nígbà tí ọmọ náà lọ. "Ìyá Marilena, ẹ̀yin! Kẹ́ ẹ máa ṣe ọ̀bọ fún wọn!"

"Nives, wọ́n lé mi jáde lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wá ń pè mí wọlé lójú fèrèsé. Kí n kọ̀ ọ́ nítorí pé fèrèsé kì í ṣe ẹnu ọ̀nà?"

Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tó ní òun kò ní wọ bọ́ọ̀sì yẹn láyé wá ń wọ̀ ọ́ ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ń bọ̀ ní Sátidé, ó ń bọ̀ ní Sunday, ó ń bú wọn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Àwọn àlejò tó sùn nínú ilé ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bú àwọn náà kí àwọn tó lọ. Ó bú wọn. Ó tiẹ̀ bú ọkọ ìyàwó tuntun kan tó fi sunkún ayọ̀. Nígbà mìíràn, tí àwọn kan bá ti lọ tí àwọn mìíràn kò tíì dé, mo máa ń rí i láti ọ̀dọ̀ mi, ó jókòó sí ìdí tábìlì, kò ṣe nǹkankan, ó kàn gbé ọwọ́ méjèèjì lé e. N kì í pè é nírú àkókò bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ, Lapo mú ọ̀rọ̀ tuntun wá. Èmi kò sí níbẹ̀. Bí Elvira ṣe sọ ọ́ fún mi nìyí. Ó ní àwọn kan ti kọ̀wé pé màmá ojú fèrèsé ń dẹ́rù ba ọmọ àwọn. Ó mú ìborùn òdòdó kan wá kí ó máa wé e. Ó ní kí ó dín èébú kù díẹ̀, kí ó fi ẹ̀rín kún un, kí ó máa juwọ́ bí Ìyá Àgbà Pina.

Elvira gbé kọ́kọ́rọ́ lé tábìlì.

"Pina kò ní àbúrò. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, Màmá?"

"Èmi ni mo kú sínú yàrá yẹn."

Ó wá rò ó fún un látìbẹ̀rẹ̀: bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀, Marilena, eruku àwọn ajogún. Ọmọ náà jókòó, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ojú rẹ̀ sì kún fún omi. Elvira ní díẹ̀ ló kù kí òun ṣàánú rẹ̀. Nígbà tó sọ tán, Lapo nu ojú, ó ní:

"Màmá, ìtàn yìí dùn ju tèmi lọ. Ṣé mo lè máa sọ ọ́ fún àwọn àlejò?"

Ìborùn òdòdó náà wà nísàlẹ̀ odò wa di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí.

Elvira padà sí Mestre. Mo rò pé n kò ní rí i mọ́. Ṣùgbọ́n Gastone ti tẹ àwọn fọ́tò rẹ̀ jáde, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri àkàsọ̀ ilé wọn láti ìsàlẹ̀ dókè, àtèyí tó dàrú àtèyí tó ní ìdajì orí ìyàwó. Obìnrin Bangladesh kan ń gbé nísàlẹ̀ ilé wọn, Rehana lorúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ kan lẹ́yìn ojúde ńlá wa. Ọmọ rẹ̀ tó bí níbẹ̀ ti ń lọ sílé ìwé, síbẹ̀ Rehana kò tíì dé ibì kan ní Fẹ́nísì kọjá ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ yẹn. Ó dúró níwájú fọ́tò kan, ó bi Elvira pé, "Ìyá, ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀bá ilé ni omi ń gbà kọjá, bíi ti abúlé wa lásìkò òjò?"

Elvira ní kò sí irọ́ ńbẹ̀. Lọ́jọ́ Tuesday tó tẹ̀lé e, ó kó òun àti obìnrin mẹ́ta mìíràn wọ bọ́ọ̀sì. Láti ìgbà náà, kò sí Tuesday tí kì í kó wọn wá.

Mo bá wọn jókòó lọ́sẹ̀ tó kọjá, lórí koríko iwájú ṣọ́ọ̀ṣì San Pietro, níbi tí àwọn àlejò kì í sábà dé. Rehana gbé abọ́ ìrẹsì àti ẹja oníata wá láti ilé. Elvira ti gba èyí tó pọ̀ jù, ó ń fi ìka ra á, ó ń sọ fún wọn pé yàrá kan wà nítòsí tí wọ́n bí arúgbó kan sí tí ó ti kú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí. Gastone ní kí gbogbo wa kóra jọ kí òun yà wá. A kò gba inú fọ́tò tán, ó ń fà sẹ́yìn, ojú rẹ̀ wà nínú kámẹ́rà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ilẹ̀ ní bèbè odò.

"Bàbá! Ẹ̀yìn yín! Omi!" Rehana pariwo.

"Fi í sílẹ̀," Elvira wí, ó sì tún bu ìrẹsì. "Ó mọ odò ún wẹ̀."